Ọgbẹ́ Tí Ó Fi Eegun Ojúgun Hàn Kò Ní Sùúrù

Lára ọgbẹ́ tí ìjàǹbá ọkọ̀ àti ọ̀kadà ń fà ní Àbújá àti àyíká rẹ̀, ti ojúgun le púpọ̀ láti tọ́jú. Awọ nìkan ni ó bo eegun níwájú ojúgun. Bí awọ náà bá bó, eegun yóò gbẹ, kòkòrò àrùn yóò sì ráyè wọlé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé awọ itan tí a gé lẹ̀ mọ́ ọn ti tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Awọ lásán kì í mú lórí eegun tí ó wà ní ìhòòhò, nítorí kò rí ẹ̀jẹ̀ fà níbẹ̀. Ẹran tí ó ní òpó ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ni a nílò. Nítòsí orúnkún tàbí ní àárín ojúgun, oníṣẹ́ abẹ lè yí ẹran ẹ̀yìn ojúgun síwájú, láìgé òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nítòsí ọrùn ẹsẹ̀, ó lè di dandan kí ó gé ẹran láti itan, kí ó sì fi maikirosikópù rán òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ ti ẹsẹ̀.

Ìwádìí Marko Godina, oníṣẹ́ abẹ ará Slovenia, tí ó jáde ní 1986, fi hàn pé bíbo irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí 72 ń dín ìkùnà àti àrùn eegun kù. (Ìjàǹbá ọkọ̀ ni ó pa òun náà lọ́dún yẹn.) Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ teguntegun lè gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ẹni. Ilé ìwòsàn tí ó ní dókítà eegun àti ti àtúnṣe ara, bí i National Hospital tí a ṣí ní Àbújá ní 1999, ni kí a kọ́kọ́ gbà lọ. Aṣọ mímọ́ ni kí a fi di ọgbẹ́ náà lójú ọ̀nà. Eérú, kẹrosíìnì tàbí àgbo kò gbọdọ̀ kàn án.