Pàǹtírí Ilé Ìwòsàn àti Ẹ̀yà Rẹ̀

Àgbẹ̀ tí ó mọṣẹ́ kì í da irúgbìn rere pọ̀ mọ́ èyí tí kòkòrò ti jẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí a máa ya pàǹtírí ilé ìwòsàn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú ìpín 100 rẹ̀, nǹkan bí 85 kò yàtọ̀ sí pàǹtírí inú ilé wa. Nínú ìpín 15 tí ó kù ni ewu wà. Ẹ̀yà rẹ̀ nìwọ̀nyí:

1. Ohun ẹlẹ́nu mímú: abẹ́rẹ́, abẹ àti ìgò fífọ́.
2. Ohun tí í ran ni: òwú àti aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ tàbí ọyún wà lára rẹ̀.
3. Ẹ̀yà ara tí a gé, àti ibi ọmọ.
4. Kẹ́míkà, àti oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá.
5. Ohun tí ń tan ìtànṣán olóró, irú èyí tí a fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ.

Abẹ́rẹ́ ni kí a ṣọ́ra fún jù. Bí èyí tí a fi gún alárùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B bá gún 100 ènìyàn tí kò gba àjẹsára, àrùn náà lè mú tó 30 nínú wọn. Nítorí náà, ibi tí a ti lò ó gan-an ni kí a ti sọ ọ́ sínú àpótí líle. Bí àpótí náà bá kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí a dé e pa. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó láti sọ àpò pàǹtírí lásán di ohun ewu.

Ẹ̀yin tí ń gún abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà nílé, àti ẹ̀yin tí ń gún ẹran ọ̀sìn, ẹ má ṣe jù ú sí ààtàn tí àwọn ọmọdé ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀. Ẹ kó o sínú agolo líle tí ó ní ìdérí, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.