Àgbàdo inú igbá Bàbá mi

Kí a tó kàwé lónìí, ẹ jẹ́ kí n bi yín: kí ni bàbá lè fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́?

Ẹ ó ní oko. Ẹ ó ní ilé. Ẹlòmíràn á ní oyè. Oyè ńkọ́? Ní Kétu níbí, bí ọba bá wàjà, ọmọ rẹ̀ kọ́ ló ń jókòó sórí àga. Ìdílé ọba márùn-ún ló wà, oyè Alákétu sì ń yí láti ọ̀kan dé èkejì. Ẹ̀yin àgbà mọ orúkọ wọn jù mí lọ. Nítorí náà, ọba pàápàá kò lè sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Gbà, tìrẹ ni."

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà ní Kétu tí bàbá ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Iṣẹ́ Baba Ẹlẹ́gùn ni. Inú ìdílé kan ṣoṣo ló wà. Baba Ẹlẹ́gùn ló mọ ìtàn ìlú àti ti àwọn ọba sórí. Bí wọ́n bá fi Alákétu tuntun jẹ, òun ni yóò kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní 1886, ogun Dàhòmì fọ́ Kétu, wọ́n kó èèyàn lẹ́rú lọ. 1894 ni wọ́n tó tún ìlú tò. Ilé ti jó, ẹrù ti lọ, ṣùgbọ́n ìtàn àwọn ọba kò jóná, torí pé ẹnu ló wà. Èmi máa ń rò ó bí bàbá yẹn ṣe ń kọ́ ọmọ rẹ̀ lálẹ́: ọmọ fo ọba kan, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

Bàbá tèmi kì í ṣe Baba Ẹlẹ́gùn. Àgbẹ̀ ni. Kò mọ̀wé, síbẹ̀ àwọn olówùú abúlé wa fi í ṣe olórí ẹgbẹ́ wọn. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe sí mi nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá.

Ẹ mọ bí ọjọ́ tí wọ́n ń wọn owú ṣe máa ń rí: eruku, ariwo, owú kún ilẹ̀. Ẹni tó ń wo òṣùwọ̀n ń pe kílò, akọ̀wé ń kọ ọ́. Bàbá mi á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n, igbá àgbàdo wà lórí itan rẹ̀. Bí wọ́n bá ti pe iye kílò ẹnì kan, ó ń ka hóró: kílò mẹ́wàá, hóró kan. Èyí tó bá kù tí kò pé mẹ́wàá, kò kà á. Ó ń di ti ẹnì kọ̀ọ̀kan sínú ewé, ó ń tò wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ má jẹ̀ẹ́ n purọ́.

Lọ́jọ́ yìí, ara akọ̀wé kò yá. Bàbá ní kí n bá wọn kọ ọ́. Mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà náà, mo ń gbéra ga díẹ̀. Mo kọ ọ́ títí oòrùn fi wọ̀.

Lálẹ́, Bàbá tan àtùpà, ó ní kí n máa kà. Mo ń pe orúkọ, mo ń pe kílò, òun ń tú ewé. A dé orí ìyá kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Mo kà 134. Bàbá ka hóró: mẹ́rìnlá.

Ó ní, "Tún un kà."

Mo tún un kà. 134 náà ni. Ṣùgbọ́n 134 kò lè ní ju hóró mẹ́tàlá lọ. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé 143 ni wọ́n pè. Mo ti gbé 3 sí ibi tí 4 wà.

Kílò mẹ́sàn-án ti lọ. Ẹ bá mi ṣírò ó: bí kílò kan bá jẹ́ 300 fráǹkì, 2.700 fráǹkì ni ìyá náà ì bá pàdánù. Owó iyọ̀ ni, owó epo ni, owó ìwé ọmọ ni. Kò mọ̀wé. Kì bá tí mọ̀ láé.

Ìyá mi ní, "Ẹ jẹ́ ó tún un kọ nísinsìnyí, kó tán síbẹ̀. Ta ni yóò mọ̀?"

Bàbá ní rárá. Ó ní, "Bí a bá tún un kọ lóru, tí ẹnì kan wá gbọ́, wọn yóò bi wá pé kí ni a tún máa ń kọ lóru."

Ilẹ̀ mọ́, ó pe ẹgbẹ́ jọ sábẹ́ igi. Mo rò pé òun ni yóò sọ̀rọ̀. Ó jókòó ní tirẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá yín sọ." Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ọ́. Mo fa ilà sórí 134, mo kọ 143 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ẹnì kan ní àṣé ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kò mọ òǹkà. Bàbá kò gbèjà mi. Ìyá náà kò sọ púpọ̀. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Ó wá ní kí n fi 3 àti 4 han òun bí wọ́n ṣe rí. Mo fi igi kọ wọ́n sílẹ̀ fún un.

Mo bínú sí Bàbá fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ó jẹ́ kí n bínú tán. Níjọ́ kan, a ń roko, ó ní: "O rò pé mo fìyà jẹ ọ́ ni? Èmi ni mo ní kí o kọ ọ́, àṣìṣe rẹ tèmi náà ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá bò ọ́ lónìí, tó o bá di olórí lọ́la, wàá máa wá ẹni tí yóò bò ọ́." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń roko rẹ̀ lọ.

Títí di òní, mo rò pé ó yẹ kó ti sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé èmi ni n ó sọ̀rọ̀. Kò burú. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, obìnrin méjì gbé igbá àgbàdo tiwọn wá síbi òṣùwọ̀n. Bàbá yọ̀. Akọ̀wé kò fi bẹ́ẹ̀ yọ̀. Nígbà tí wọ́n sì ṣí kíláàsì àgbà ní abúlé wa, ìyá tí mo ṣì í kọ yẹn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀.

Ó di ọwọ́ yín. Ẹ mú ìwé owó ẹgbẹ́ yín wá sí kíláàsì lọ́jọ́ tí ń bọ̀. Kí ẹni tí kì í ṣe akọ̀wé kà á sókè. Nọ́ńbà tí kò bá yé yín, ẹ bèèrè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bá ara yín sọ ọ́: ká ní ẹ̀yin ni bàbá yẹn, ṣé ọmọ ni ẹ ó ní kó dìde sọ̀rọ̀, àbí ẹ̀yin fúnra yín?