Àárẹ̀ Tó Ń Bá Ẹni Tí Rọpárọsẹ̀ Ṣe Fínra



Ọ̀rọ̀ kan kì í wọ́n nínú ilé tí rọpárọsẹ̀ ti ṣe ẹnì kan: "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbé e, ohùn rẹ̀ ti já geere, kí ló dé tí kò fẹ́ ṣe nǹkan kan?" Bàbá tó ń lọ oko ẹ̀gẹ́ ní Lálùpọn tẹ́lẹ̀ á jí, á wẹ̀, á jẹun, kó tó di aago mẹ́wàá á tún fẹ́ dùbúlẹ̀. Àwọn ọmọ á ní ó ń ṣọ̀lẹ. Ìyàwó tó ń yan gàrí, tó tún ń san owó iléèwé, á fajú ro. A ò bá a wí, ẹrù ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ yìí wà lára àìsàn náà gan-an.

Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé apá kan ọpọlọ mọ́, tàbí tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bẹ́ níbẹ̀, ni rọpárọsẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Ọpọlọ tó kù ní láti ṣiṣẹ́ kún iṣẹ́. Ìdí nìyí tí wíwọ ẹ̀wù lásán fi lè rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó kọ ogún ebè. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó yè é ló ń ní àárẹ̀ yìí, títí kan àwọn tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn ti padà bọ̀ sípò. Oorun nìkan kì í mú un lọ.

Àìsàn yìí kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa. Láti 1973 sí 1975, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkọsílẹ̀ àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú ní Ìbàdàn, ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n sì rí lára wọn jù lọ.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kéré, bóyá àtọ̀gbẹ ni, tàbí kò rí oorun sùn lóru. Ìbànújẹ́ náà wà ńbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ò ní sọ pé inú àwọn bàjẹ́, "ó rẹ̀ mí" ni wọn á wí. Oògùn kan lè dá kún un pẹ̀lú. Ẹ sọ fún dókítà, kó bá yín pààrọ̀ rẹ̀ tàbí àkókò tí wọ́n ń lò ó. Ẹni tó bá dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra rẹ̀ ń ránṣẹ́ pe rọpárọsẹ̀ kejì.

Nínú ilé, ẹ ṣọ́ ìgbà tí agbára rẹ̀ ń pọ̀ jù, kí ẹ fi ohun tó le jù síbẹ̀. Ọjọ́ tó bá ti Àkànrán lọ sí UCH, ọ̀kadà, bọ́ọ̀sì àti orí ìlà ti gba gbogbo agbára ọjọ́ náà. Ẹ má tún gbé e lọ síbi ìsọmọlórúkọ lọ́jọ́ kejì. Kó sinmi kó tó rẹ̀ ẹ́. Kó jókòó sórí àpótí bẹ ẹ̀gẹ́. Kó máa rìn dé ilé aládùúgbò, kó máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un, nítorí ìdùbúlẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ń sọ ara di ahẹrẹpẹ ni.

Ẹ̀yin àlejò náà ńkọ́? Ìbẹ̀wò aláìsàn ní láádá, ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́wàá tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí rédíò tún ń ké, iṣẹ́ ńlá ni fún ọpọlọ tó ti fara pa. Ẹ lọ ní méjìméjì, kí ẹ má sì pẹ́.

Ní ti ìrun, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ fún Ìmúrán ọmọ Huseeni tó ń ṣàìsàn pé kó kírun lórí ìdúró. Bí kò bá lè ṣe é, kó jókòó. Bí ìyẹn náà kò bá ṣeé ṣe, kó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Síbẹ̀ a ń rí bàbá tó ń tijú àga nínú mọ́sálásí títí yóò fi ṣubú! A sì gbọ́ nínú hádíìsì pé wọ́n ń kọ iṣẹ́ rere tí aláìsàn ń ṣe nígbà àlàáfíà rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ní ti ààwẹ̀, aláìsàn lè san án padà nígbà tí ara bá le. Ẹni tí kò ní ìrètí ìyẹn, kó bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi lẹ́mọ́mù àti dókítà yín kí oṣù tó wọlé.

Àárẹ̀ tí à ń sọ yìí kì í yí ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ẹnu bá yí lójijì, tí apá kan rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, ẹ má ní kó lọ sùn. Ẹ má fún un ní àgbo tàbí oúnjẹ, ó lè há a lọ́fun. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì fi aago tó bẹ̀rẹ̀ sọ́kàn, dókítà yóò bi yín.