Ẹ̀kọ́ Kẹta: Ta Ni A Ó Lé Kúrò Nídìí Tábìlì Olúwa?

Ibi kíkà: 1 Kọ́ríńtì 11:23-34

Ẹ̀kọ́ tòní wúwo díẹ̀. Ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́ wà nínú rẹ̀, a kì í sì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ nínú ilé ìsìn. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò gan-an ni ohun tó yẹ kí ìjọ ṣe sí ọmọ ìjọ tó bá jáde ní gbangba pé òun kò fara mọ́ ẹ̀kọ́ ìjọ lórí rẹ̀. Ó ti lé ní 40 ọdún tí àwọn ará wa nínú Ìjọ Àgùdà ní Amẹ́ríkà ti ń bá ọ̀ràn yìí jà.

Ẹ̀kọ́ Ìjọ Àgùdà kò fara sin: láti ìgbà tí oyún bá ti sọ, ẹ̀mí ni, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá sì ni láti ṣẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní, ọdún 1973, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà sọ pé obìnrin ní ẹ̀tọ́ láti ṣẹ́yún. Ìdájọ́ náà dúró títí di ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà, ọdún 2022, tí ilé ẹjọ́ kan náà fi yí i padà. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, àwọn Àgùdà tó wà nínú òṣèlú há sáàárín méjì.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1984, Mario Cuomo, gómìnà ìpínlẹ̀ New York, sọ ní Yunifásítì Notre Dame, tí í ṣe ilé ẹ̀kọ́ Àgùdà, pé òun àti ìyàwó òun gba ẹ̀kọ́ ìjọ, ṣùgbọ́n òun kò rí i pé ó tọ́ láti fi òfin ìjọba mú ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ tẹ̀ lé e, nígbà tí ohùn ìlú kò ṣọ̀kan. Èmi kò gbà fún un tán. Bí ènìyàn bá gbà pé ẹ̀mí ni, bí èmi náà ti gbà, ó yẹ kó sọ ìdí tí òfin kò fi ní dáàbò bò ó. Síbẹ̀, ẹni tó ń ṣòfin fún Júù, Àgùdà àti aláìlẹ́sìn pọ̀ ní ìbéèrè tòótọ́ lọ́wọ́.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, àwọn Àgùdà kan, títí kan àwọn sísítà, fọwọ́ sí ìkéde nínú ìwé ìròyìn New York Times pé èrò àwọn ọmọ ìjọ lórí ọ̀rọ̀ náà kò dọ́gba. Róòmù ní kí àwọn sísítà náà kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ. Méjì nínú wọn, Barbara Ferraro àti Patricia Hussey, tí wọ́n ń tọ́jú àwọn aláìnílé ní West Virginia, kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n fi ẹgbẹ́ sísítà wọn sílẹ̀ ní ọdún 1988.

Ti ìyáàfin Lucy Killea ni mo fẹ́ kí a dúró lé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1989, ó ń díje fún ilé aṣòfin àgbà ìpínlẹ̀ California. Ó sọ gbangba pé obìnrin ló yẹ kó pinnu lórí oyún ara rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Leo Maher ti San Diego kọ lẹ́tà sí i pé kò gbọdọ̀ jẹ ara Olúwa mọ́. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e káàkiri, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí wá mọ̀ ọ́n. Ní oṣù Kejìlá, ó wọlé, díẹ̀ báyìí ló sì fi borí. Àwa olùkọ́ mọ èyí: ọmọ tí a bá nà níwájú gbogbo kíláàsì, ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa gbè é, ohun tí a torí rẹ̀ nà án a sì di ìgbàgbé.

Ó tún ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2022. Ní oṣù Karùn-ún, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Cordileone ti San Francisco fi irú òfin kan náà de Nancy Pelosi, abiyamọ ọlọ́mọ márùn-ún, tó jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú nígbà náà. Ní oṣù Kẹfà, ó jẹ ara Olúwa ní Róòmù, nínú ìsìn tí Póòpù Francis wà. Ìjọ kan náà, àkàrà kan náà!

Mi ò dá àwọn bíṣọ́ọ̀bù lẹ́bi pátápátá. Olùṣọ́ àgùntàn tí kò lè kìlọ̀ fún ẹni ńlá kò ṣiṣẹ́ rẹ̀. Pọ́ọ̀lù náà kìlọ̀ nípa ẹni tó ń jẹ láìyẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ka ẹsẹ 28 dáadáa: ta ni ó ní kó yẹ ẹni tó fẹ́ jẹ wò? John Wesley tiwa sì gbà pé oúnjẹ yìí lè yí ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ́kàn padà. Bí a bá sọ tábìlì di pàṣán, níbo ni ẹlẹ́ṣẹ̀ yóò ti rí ìyípadà náà?

Kì í sì í ṣe ọ̀ràn Àgùdà nìkan. Nítorí ìkóbìnrinjọ ni àwọn kan ṣe kúrò láàárín wa ní Èkó ní ọdún 1917, tí wọ́n dá ìjọ Ẹlẹ́ja sílẹ̀. Èmi náà sì mọ ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ ní ìwé kẹfà, tó kú lọ́wọ́ ayédèrú dókítà nígbà tó fẹ́ ṣẹ́yún. Ìjọ ní ìyá rẹ̀ mọ̀ sí i, kó máa jókòó sẹ́yìn. Oṣù mẹ́fà ni kò fi bá wa jẹ. Ọmọkùnrin tó fún ọmọ náà lóyún ń jẹ tirẹ̀ lọ ní ìjókòó iwájú. Mo wà níbẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan.

Fún ìjíròrò: Òfin ilẹ̀ wa kò gba oyún ṣíṣẹ́ láàyè àfi láti gba ẹ̀mí ìyá là. Bí ọ̀kan nínú wa bá dìde nínú ìpàdé tó ní òfin yìí ti le jù, kí ni a ó ṣe sí i? Ta ni nínú wa ni yóò kọ́kọ́ lọ bá a nílé?