Ẹ̀yin Ìyá, Ẹ Má Jẹ́ Kí Bàtà Ìdárayá Di Ìdààmú Ẹsẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ oge lójú àwọn kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlera ni, ìlera sì ni oògùn ọrọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ìyá kan wọ dìsípẹ́ńsárì wa. Ó ti lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́ta ọdún, aṣọ ló ń tà, ó sì ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà. Dókítà ti sọ fún un pé kí ó máa rìn ní òròòwúrọ̀. Inú mi dùn nígbà tí ó ní òun ti bẹ̀rẹ̀, àfi ìgbà tí ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Egbò ti wà lára ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó kéré jù, ó ti ń ṣọyún.

Mo ní, "Mama, láti ìgbà wo ni èyí ti bẹ̀rẹ̀?"

Ó dáhùn pé, "Nọ́ọ̀sì, n kò mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni mo rí lára ìbọ̀sẹ̀. Kò dùn mí rárá. Bàtà tí ọmọ mi rà fún mi fún mi lẹ́sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó tà á ní yóò là tí ó bá yá."

Bàtà náà nìyẹn lẹ́sẹ̀ àga: ó pupa, ó dán, nọ́ńbà 39 ni wọ́n kọ sí i. Mo fi rúlà wọn ẹsẹ̀ ìyá. Ó gùn ní sẹ̀ńtímítà 25 àti ààbọ̀, ó sì fẹ̀ níwájú. Nọ́ńbà 41 ló yẹ kí wọ́n rà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni a fi ń wẹ egbò náà kí ó tó jinná. Ọpẹ́ ni pé a kò gé ìka. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, ìyá kò lè rìn, bẹ́ẹ̀ ìrìn náà wà lára oògùn rẹ̀.

Kì í ṣe ìyá yìí nìkan. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, èmi náà ra bàtà funfun tí orí rẹ̀ ṣóńṣó nítorí pé ó wù mí. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títí di òní. Nítorí náà, bí mo ṣe ń bá yín wí, ara mi ni mo ń bá wí pẹ̀lú.

Àjọ Ìlera Àgbáyé gba gbogbo àgbàlagbà nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa ṣe eré ìdárayá tí kò le jù, bí ìrìn kánmọ́kánmọ́, fún ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀. Èyí jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún. Bí ènìyàn bá sì ń sáré, agbára tí ilẹ̀ fi ń ti ẹsẹ̀ padà ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀. Bí bàtà kò bá gba díẹ̀ nínú rẹ̀, gìgísẹ̀, orúnkún àti ìbàdí ni yóò gbà á.

Ó dára. Báwo ni a ṣe ń yan bàtà ìdárayá tí yóò gbe ẹsẹ̀?

ÈKÍNNÍ: Ẹ WỌN ẸSẸ̀ NÍLÉ KÍ Ẹ TÓ JÁDE. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ìrọ̀lẹ́, nítorí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ bí ọjọ́ bá ti ń lọ. Bàtà tí ó ṣe rẹ́gí láàárọ̀ lè há lọ́wọ́ alẹ́. Ẹ tẹ́ bébà sílẹ̀ kí etí rẹ̀ kan ògiri, ẹ dìde dúró lé e, kí gìgísẹ̀ kan ògiri, kí ẹlòmíràn fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ibi tí ìka tí ó gùn jù dé. Ẹ má jókòó wọ̀n ọ́n, nítorí ẹsẹ̀ máa ń tẹ́ bí ara bá wúwo lé e. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni kí ẹ wọ̀n. Ọ̀kan sábà máa ń tóbi ju èkejì lọ, èyí tí ó tóbi ni a ó fi ra bàtà. Kí ẹ̀yin abiyamọ má sì gbára lé nọ́ńbà tí ẹ ń wọ̀ nígbà ọmọge. Oyún lè mú kí ẹsẹ̀ gùn kí ó sì fẹ̀ sí i, ó sì lè má padà sí bí ó ti wà. Ọjọ́ orí náà a máa fẹ ẹsẹ̀.

ÈKEJÌ: Ẹ MỌ NỌ́ŃBÀ KÀ. Nọ́ńbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ilẹ̀ Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà kì í ṣe ọ̀kan náà. Bàtà obìnrin tí ó jẹ́ 6 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sún mọ́ 39 ní Yúróòpù, ó sì sún mọ́ 8 ní Amẹ́ríkà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí, nítorí gbogbo wọn ló wà pọ̀ lórí àtẹ kan náà ní ọjà wa. Ẹ yẹ inú ahọ́n bàtà wò. Lára ọ̀pọ̀ bàtà ìdárayá, ẹ ó rí nọ́ńbà kan tí wọ́n kọ CM sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Sẹ̀ńtímítà ni, gígùn ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe bàtà náà fún ni ó ń sọ. Ẹ fi wé ohun tí ẹ wọ̀n nílé. Síbẹ̀, nọ́ńbà kì í ṣe ẹ̀rí tí ó tó, nítorí ọwọ́ àwọn tí ń ṣe bàtà kò dọ́gba. Ẹsẹ̀ yín ni ẹlẹ́rìí.

ÈKẸTA: Ẹ FI ỌWỌ́ DÁN BÀTÀ WÒ. Ìdánwò mẹ́ta ni. Ẹ fi àtàǹpàkò ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn bàtà, níbi tí ó ti ń di gìgísẹ̀ mú. Ó yẹ kí ó le díẹ̀. Bí ó bá wọlé pátápátá bí aṣọ, kò ní di ẹsẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà, ẹ di orí àti ìdí rẹ̀ mú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ibi tí ọmọ ìka ti bẹ̀rẹ̀ ni ó yẹ kí ó ká. Bí ó bá ká ní àárín gbùngbùn, kò lè gbe ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ ti tẹ̀ kọ́rọ́. Ìkẹta, ẹ lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ. Bí ó bá lọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Kánfáàsì pẹlẹbẹ tí a fi ń ṣe ìmúra òpin ọ̀sẹ̀ kì í sábà yege nínú ìdánwò yìí. Ó dára fún ìgbafẹ́, kò dára fún ìrìn gígùn.

ÈKẸRIN: Ẹ WỌ̀ Ọ́, KÍ Ẹ SÌ RÌN. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ ó máa lò lọ sọ́jà. Ẹ wọ bàtà méjèèjì, ẹ so okùn, ẹ dìde. Láti ìka tí ó gùn jù dé iwájú bàtà, ó yẹ kí àyè tí ó tó ìbú àtàǹpàkò ọwọ́ kù. Ìka ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ lè jó nínú rẹ̀. Gìgísẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa yọ sókè bí ẹ bá ń rìn. Ẹ rìn lọ sí òpin ìsọ̀ kí ẹ sì padà. Bí ojú bá ń tì yín, ẹ rántí egbò ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà.

Bí ẹni tí ń tà á bá ní, "Ẹ má dààmú, mà, yóò là," ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ bọ́ ọ. Bàtà tí yóò là lọ́la ti bó yín lẹ́sẹ̀ lónìí. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, tí ti obìnrin kò gbà á, kò sí èèwọ̀ nínú bàtà ọkùnrin. Nọ́ńbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yúróòpù kan náà ni ti ọkùnrin àti ti obìnrin ní gígùn, ti ọkùnrin sì sábà máa ń fẹ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti òkírìkà, nítorí kì í ṣe gbogbo wa ni agbára wa ká ilé ìtajà ńlá. Láti Yábà ní Èkó títí dé Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn, ènìyàn lè rí ojúlówó bàtà nílẹ̀ ní owó tí ó ṣeé san. N kò ní sọ pé ẹ má rà. Ẹ kàn la ojú yín. Ẹ gbé bàtà lé orí tábìlì kí ẹ wò ó láti ẹ̀yìn. Bí ó bá gẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹni tí ó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ti fi ìrìn tirẹ̀ sínú rẹ̀, yóò sì gbé yín gẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí fóòmù inú rẹ̀ bá ti le bí pákó, kò lè gba agbára ilẹ̀ mọ́, bí ó ti wù kí òkè rẹ̀ dán tó. Ẹ wo etí ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀, nítorí àtè tí ó ti gbó a máa ṣí lójú ọ̀nà. Nílé, ẹ yọ tìmùtìmù inú rẹ̀ dànù, ẹ fi òmíràn sí i, ẹ fi omi ọṣẹ nù ún nínú, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa. Àrùn tí ń jẹ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ lè ti ara bàtà ẹlòmíràn wá. Ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn. Ó sàn kí ẹ tọ́jú owó fún ẹyọ bàtà kan tí ó dára ju kí ẹ ra mẹ́ta tí kò níláárí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ aláìsàn àti àgbàlagbà nìkan ni mò ń sọ. Ẹ wo Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ní oṣù keje ọdún 2022, ní ìlú Eugene ní Amẹ́ríkà, ó sá eré ìje onífífo igi ti 100 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12. Títí di ọjọ́ náà, kò sí obìnrin tí ó sá a kíá tó bẹ́ẹ̀ rí láyé. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé àtẹ́lẹsẹ̀ ti yọ òun lẹ́nu ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún eré náà, nítorí náà òun béèrè bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀. Bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀ bá lè gba ti ẹsẹ̀ rò, kí ló dé tí àwa yóò fi máa fi ìyà jẹ tiwa?

Bí ẹ bá ti ra bàtà tuntun, ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ nínú ilé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lónìí, ogún lọ́la. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni tí ó bá ń rìn dáadáa ní ojoojúmọ́, bí bàtà bá ti rin nǹkan bí kìlómítà 500 sí 800, kí ó máa wá òmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà, tiyín tún yàtọ̀. Àrùn náà lè pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀, kí òkúta wà nínú bàtà kí ẹ má mọ̀. Kí ẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ní alaalẹ́, ẹ yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka wò. Bí ẹ kò bá lè tẹ̀ dé ibẹ̀, kí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ yín bá yín wò ó. Bí ẹ bá rí ìléròrò tàbí egbò, bí ó ti wù kí ó kéré tó, ẹ má fi abẹ́ là á, ẹ má da nǹkankan lé e. Ẹ wá sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Bákan náà, ẹni tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ń dùn ún bí ó bá kọ́kọ́ sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ láti orí ibùsùn láàárọ̀, tí kò sì lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ó ti pààrọ̀ bàtà, kí ó fi han dókítà.

Ìyá tí mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń wá wò wá. Bàtà dúdú nọ́ńbà 41 ni ó ń wọ̀ báyìí, kò dán tó ti pupa yẹn. Ṣùgbọ́n ó ń rìn ní òròòwúrọ̀, bí ó bá sì wọlé, kí n tó béèrè, yóò ti bọ́ ìbọ̀sẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò." Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe yẹ.

Ó dìgbà kan ná. Kí Ọlọ́run fún wa ní ẹsẹ̀ ire.