Kí Agara Tó Dá Wa

Ìyá olóúnjẹ máa ń jí kí ìlú tó jí. Aago mẹ́ta ààbọ̀ òru ló ń dáná. Ẹ̀wà gbọ́dọ̀ ti rọ̀, ata gbọ́dọ̀ ti jinná, nítorí àwọn bíríkìlà àti àwọn awakọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá dé láago mẹ́fà àárọ̀ tí ìkòkò ṣì wà lórí iná, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni wọn yóò yà sí, wọ́n sì lè má padà wá mọ́. Láti ìgbà náà títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, orí ìdúró ló wà. Ó ń bu oúnjẹ, ó ń gbowó, ó ń wá ṣéńjì, ó ń pariwo mọ́ ọmọ tó ń fọ abọ́. Tó bá palẹ̀ mọ́ tán, ọjà ló kàn: ẹran ọ̀la, ata ọ̀la, àlùbọ́sà ọ̀la. Ó délé, iṣẹ́ ilé ń dúró dè é. Aago mọ́kànlá alẹ́ ló ń tó fẹ̀yìn lélẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Láti aago mọ́kànlá alẹ́ sí aago mẹ́ta ààbọ̀ òru, wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni. Àwọn dókítà sọ pé, ó kéré tán, wákàtí 7 ló yẹ kí àgbàlagbà máa sùn lálaalẹ́. Oorun wákàtí méjì ààbọ̀ ló sọnù yẹn. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà, ó ti jẹ ara rẹ̀ ní gbèsè oorun wákàtí 15. Kò sì sí bí yóò ṣe san án tán lọ́jọ́ Àìkú kan ṣoṣo, pàápàá bó bá jẹ́ pé ìsìn àárọ̀, aṣọ fífọ̀ àti ọbẹ̀ tí wọn yóò jẹ títí di Ọjọ́bọ̀ ló gba ọjọ́ Àìkú náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àárẹ̀ ló ń mú àgbẹ̀ tó ti ń kọ ebè látàárọ̀. Bó bá jẹun, tó wẹ̀, tó sùn, ara rẹ̀ á tún le lọ́jọ́ kejì. Agara kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí agara dá lè sùn mọ́jú, kó jí, kí ara rẹ̀ ṣì wúwo. Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé irú agara yìí nínú ìwé ńlá tí wọ́n ń to àwọn àìsàn sí. Wọn kò pè é ní àìsàn. Wọ́n ní wàhálà iṣẹ́ tó pẹ́ lára tí a kò sì bójú tó ló ń fà á, àmì mẹ́ta ni wọ́n sì fi ń dá a mọ̀.

Àmì kìíní ni kí okun tán pátápátá. Àmì kejì ni kí iṣẹ́ súni, kí ọkàn ẹni kúrò níbẹ̀. Ìyá olóúnjẹ tó máa ń bá àwọn oníbàárà ṣàwàdà tẹ́lẹ̀ kò fẹ́ rí wọn sójú mọ́. Bí ẹnìkan bá ní kó fi ẹran kún un, ìjà ni. Àmì kẹta ni kí iṣẹ́ tí a mọ̀ bí ẹni mowó bẹ̀rẹ̀ sí í yí mọ́ni lọ́wọ́: ó fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó fún ẹni tó san 2,000 náírà ní ṣéńjì 5,000, ó gbàgbé ìkòkò sórí iná. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé lára ẹnìkan, tí wọ́n sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹ má ṣe pe ẹni náà ní ọ̀lẹ.

Ó tì o, àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ wọn ni agara sábà máa ń kọ́kọ́ dá. Ọ̀gbẹ́ni Herbert Freudenberger, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní New York, kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1974. Jámánì ni wọ́n ti bí i, ọmọ Júù ni, ó sì sá kúrò níbẹ̀ lọ́mọdé lásìkò Hitler. Ní New York, ó ń tọ́jú àwọn tó ń sanwó lójú ọ̀sán; bí alẹ́ bá lẹ́, á tún lọ sí ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń lo oògùn olóró ń wá. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn tó wá ran ilé ìwòsàn náà lọ́wọ́ tọkàntọkàn ló ń di ẹni tí ń bínú, tí ń sunkún, tí kò lè gbéra nílẹ̀ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ wà lára wọn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara kò ṣòro láti yé. Bí iṣẹ́ bá ń lé wa, ara máa ń tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ kí ọkàn lè yára lù, kí ojú sì lè là. Ó dáa bẹ́ẹ̀, torí òun ló ń jẹ́ ká lè sáré kúrò níwájú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó rọlẹ̀ lẹ́yìn náà. Lálẹ́, nígbà tí a bá sùn, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan ẹ̀jẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀, ọkàn náà á sì mí. Ẹni tí kì í sùn tó kò fún ọkàn rẹ̀ láyè yìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé jọ ṣe ìṣirò kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2021. Wọ́n ní lọ́dún 2016 nìkan, àwọn ènìyàn bíi 745,000 ló kú káàkiri ayé nípa àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ tó jẹ mọ́ iṣẹ́ àṣejù. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Wọ́n fi í wé ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40: ewu rọpárọsẹ̀ tirẹ̀ fi ìdá 35 nínú 100 ga ju ti ẹni yẹn lọ. Ìyá olóúnjẹ wa ńkọ́? Láti aago mẹ́ta ààbọ̀ òru sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, wákàtí 14 ààbọ̀ ni. Ní ọjọ́ mẹ́fà, wákàtí 87. A ò tíì ka ọjà, a ò tíì ka iṣẹ́ ilé.

Kí ni ọ̀pọ̀ wa ń ṣe dípò ìsinmi? Awakọ̀ òru á jẹ obì. Ẹlòmíràn á mu kọfí tàbí ohun mímu inú agolo tí wọ́n ń polówó pé ó ń fúnni lágbára. Ọ̀gá télọ̀ tí ọdún dé sí lọ́rùn á máa lo oògùn ara ríro ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Obì àti kọfí kò fún ara lágbára kankan. Wọ́n kàn ń bo àárẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Bí ẹ bá sì lò wọ́n ní ìrọ̀lẹ́, nǹkan bí ìdajì èròjà tó ń lani lójú ṣì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn wákàtí márùn-ún, ìyẹn ni pé oorun tí ẹ ń wá lóru, ẹ̀yin lẹ lé e lọ. Oògùn ara ríro tí a ń lò lójoojúmọ́ láìbá dókítà sọ̀rọ̀ lè dá egbò sínú ikùn, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ti paraga kò tilẹ̀ yẹ ní sísọ. Àwọn tó ṣàyẹ̀wò àìsùn rí i pé ẹni tó ti lajú fún wákàtí 17 láìsùn ń lọ́ra láti ronú àti láti gbé ọwọ́ bí ẹni tó ti mu ọtí díẹ̀. Kí ni ká wá pe awakọ̀ tó lajú bẹ́ẹ̀, tó tún gbé paraga lé e?

Ẹ jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ dúró díẹ̀ níhìn-ín. Kì í ṣe gbogbo ara wíwúwo ni iṣẹ́ fà. Ibà, àìtó ẹ̀jẹ̀, àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, oyún tí a kò tíì mọ̀, ìbànújẹ́ ọkàn tí kò lọ bọ̀rọ̀, gbogbo wọn ló lè mú kí ó máa rẹni. Ẹni tó ti sinmi tí kò rí ìyàtọ̀ gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìsinmi nìkan mọ́. Bí ìbànújẹ́ bá sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni náà ń rò pé ó sàn kí òun kú, lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ mú un lọ.

Àwọn baba ńlá wa kò fi ìsinmi sílẹ̀ di ìgbà tí iṣẹ́ bá tán. Wọ́n ti dá ọjọ́ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ àtijọ́: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta, ọ̀pọ̀ àwọn tó sì ń sin òrìṣà kan kì í lọ sóko lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ òrìṣà wọn. Ọjà ọrọọrún pẹ̀lú ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá gbé igbá lọ lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, kò ní rí ẹni tà fún. Tí iṣẹ́ oko bá sì pọ̀ ju ẹnìkan lọ, àwọn àgbẹ̀ máa ń ṣe àáró: lónìí, gbogbo wa ní oko rẹ, lọ́la, gbogbo wa ní oko mi. N kò sọ pé ìgbà yẹn dùn fún gbogbo ènìyàn o. Lọ́jọ́ tí baálé ilé ń sinmi, ìyàwó ilé ṣì ń pọnmi, ó ṣì ń gúnyán. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìsinmi wà, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n, kò sì sẹ́ni tó ń tọrọ àforíjì nítorí rẹ̀.

Fún ẹni tó ń gbowó oṣù lọ́wọ́ ọ̀gá, Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà ti sọ díẹ̀ nínú ẹ̀tọ́ rẹ̀. Bí iṣẹ́ òòjọ́ bá ju wákàtí mẹ́fà lọ, ó gbọ́dọ̀ ní àyè ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan. Nínú ọjọ́ méje, ó gbọ́dọ̀ rí odindi wákàtí 24 sinmi. Lẹ́yìn oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́, ó ní ìsinmi ọdún, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, pẹ̀lú owó rẹ̀. Ẹni tó bá ní òṣìṣẹ́ nínú yín, ẹ ti gbọ́.

Ta ni yóò wá fún ìyá olóúnjẹ ní ìsinmi? Kò ní ọ̀gá. Bí kò bá ṣí, kò ní pawó, ebi kì í sì í gbọ́ àlàyé. Ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn pé “ẹ lọ sinmi” fi máa ń bí àwọn oníṣòwò nínú, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Ìsinmi ní iye tó ń náni, owó rẹ̀ ló sì yẹ ká kọ́kọ́ wá. Ẹ jẹ́ ká sọ pé èrè òòjọ́ rẹ̀ jẹ́ 6,000 náírà. Bó bá ń fún alájọ ní 1,000 náírà lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà, 6,000 ló kó jọ, owó ọjọ́ keje ti pé láìdáná. Owó náà kò pọ̀ sí i. Ó kàn pín in kó lè kárí ọjọ́ méje ni. Ọwọ́ rẹ̀ yóò há díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ owó ilé ìwòsàn àti owó ṣéńjì tó ń ṣì san ń jáde lápò rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kì í kàn kọ wọ́n sílẹ̀ ni.

Ọ̀nà kejì ni àáró. Kí òun àti olóúnjẹ kejì lójú pópó náà fìmọ̀ ṣọ̀kan: èmi kì í ṣí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìwọ kì í ṣí ní Ọjọ́bọ̀, a ó sì máa darí oníbàárà síra wa. Kó kọ ọ́ sára pátákó gàdàgbà. Oníbàárà tó bá mọ ọjọ́ tí a kì í ṣí kò ní bínú. Ẹni tó bá ilẹ̀kùn ní títì láìmọ ìdí ni yóò bínú.

Nílé ńkọ́? Ọmọkùnrin ọdún 12 tó lè gbá bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ fi ṣú lè fọ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀. Ọkọ tó ti délé láago márùn-ún lè gbé ìrẹsì kaná. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn létí àwọn kan, ṣùgbọ́n bí ìyàwó bá ṣubú lulẹ̀ nídìí ìkòkò, àwọn náà ni yóò sì dáná.

Nínú iṣẹ́ fúnra rẹ̀, àyè kékeré wà: láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá àárọ̀ tí èrò ń dínkù, kí ìyá olóúnjẹ jókòó, kó gbé ẹsẹ̀ sórí àpótí, kó mu omi, kó jẹ oúnjẹ tí òun fúnra rẹ̀ ń tà. Olóúnjẹ tí kì í jẹun títí di aago mẹ́rin pọ̀ jù nílùú yìí. Lálẹ́, kó gbé fóònù jìnnà sí ibùsùn. WhatsApp ẹgbẹ́ kì í sùn. Òde ọjọ́ Àbámẹ́ta dùn, ẹ̀rín àti ijó sì ń mú ọkàn fúyẹ́, n kò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ sí ìṣọ́ òru lọ́jọ́ Ẹtì, tó jó di aago méjì òru lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kò tíì sinmi. Nígbà mìíràn, ẹ fi owó ránṣẹ́, kí ẹ fi ara sílé.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ ya ìlà sínú ìwé yín, kí ẹ kọ orúkọ ọjọ́ méjèèje sí i láti Àìkú dé Àbámẹ́ta. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ máa kọ aago tí ẹ sùn àti aago tí ẹ jí sí iwájú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ro wákàtí oorun yín pọ̀. Bí kò bá pé 49, ẹ wo ọjọ́ tó kéré jù, kí ẹ kọ ohun tó gba oorun yín lọ́jọ́ náà síbẹ̀. Ní ojú ewé kejì, ẹ kọ orúkọ ẹnìkan tó lè dúró sídìí ọjà yín fún ọjọ́ kan, àti ohun tí ẹ̀yin náà lè ṣe fún un. Bí ẹ kò bá rí orúkọ kankan kọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì yín kí kíláàsì tó tú.