Ṣúgà Inú Ẹ̀jẹ̀ àti Iṣẹ́ Kíndìnrín

Ẹ̀yin ará wa ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ àìsàn àtọ̀gbẹ, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Òùngbẹ a máa gbẹ ẹni tó ní i, a máa tọ̀ ṣáá, èèrà a sì máa bo ibi tó bá tọ̀ sí. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ohun tí a fẹ́ kọ́ lónìí ni ohun tí ṣúgà yìí ń ṣe sí kíndìnrín kí aláìsàn tó mọ̀ rárá, àti bí àwọn onímọ̀ ṣe ń fi ẹ̀rọ wò ó.

Kíndìnrín méjì ló wà nínú wa, lẹ́yìn, lábẹ́ egungun ìhà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìkúùkù àgbàlagbà. Bíbélì àtijọ́ pè é ní iwe. Ẹ má ṣe kà á bí ìwé tó wà lọ́wọ́ yín yìí o! Àmì orí ọ̀rọ̀ ló fi ìyàtọ̀ hàn. Kì í sì í ṣe iwe adìyẹ tí a ń bù fún baálé lọ́jọ́ ọdún.

Iṣẹ́ asẹ́ ni kíndìnrín ń ṣe. Bí ìyá bá ń sẹ́ ògì, eèrí a dúró lókè, omi a jò lọ sísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú kíndìnrín: ẹ̀jẹ̀ a dúró, omi àti ohun kéékèèké inú rẹ̀ a jò kọjá. Irú asẹ́ bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan nínú kíndìnrín kan. Lójúmọ́, omi tí wọ́n ń sẹ́ tó lítà 180, èyí ni kẹ́ẹ̀gì lítà 20 mẹ́sàn-án. Ta ni nínú wa ló ń tọ kẹ́ẹ̀gì mẹ́sàn-án? Kò sí. Kíndìnrín a tún kó èyí tó pọ̀ jù lọ padà sínú ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú iyọ̀ àti ṣúgà. Ṣúgà tó ń kó padà lójúmọ́ nínú ara tó dá pé tó 180 gíráàmù, nǹkan bí 40 hóró ṣúgà onígun.

Iṣẹ́ alábàárù gidi nìyẹn. Ẹ ro alábàárù ọjà Ìkàrẹ́ tó máa ń ru àpò kan. Ẹ wá di àpò méjì lé e lórí lójoojúmọ́. Á ru ú, ṣùgbọ́n yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bí àtọ̀gbẹ ṣe ń ṣe kíndìnrín nìyẹn. Ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ẹrù wúwo, afẹ́fẹ́ tí à ń mí símú kò sì tó iṣẹ́ náà mọ́. Iná tí kò rí atẹ́gùn tó, ẹ mọ̀ pé èéfín ni yóò máa rú. Èéfín ti kíndìnrín ni èròjà kíkan kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní lactate.

Ǹjẹ́ a lè rí èéfín yìí láti òde? Ẹ̀rọ skáànì tí wọ́n fi ń wo aboyún lè wo kíndìnrín pẹ̀lú. Yóò fi bó ṣe tóbi tó hàn. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn yìí, kíndìnrín lè rí bí ti ẹni tí ara rẹ̀ le, ó tilẹ̀ lè tóbi díẹ̀ jù ú lọ. Ó dà bí ẹni tó dúró lórí òkè Ọ̀kà tó ń wo ilé nísàlẹ̀: ó rí òrùlé, kò mọ ilé tí iná ti ń jó àjótì.

Ẹ̀rọ MRI, tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ńlá ṣiṣẹ́, lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè fi apá ibi tí afẹ́fẹ́ kò tó nínú kíndìnrín hàn. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ìlú Aarhus ní Denmark gbé iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n fún eku tó ní àtọ̀gbẹ ní abẹ́rẹ́ èròjà kan tí ara ń rí nínú ṣúgà, tí wọ́n ti ṣe lọ́nà tí ẹ̀rọ fi lè rí i. Wọ́n rí i pé kíndìnrín eku wọ̀nyí ń sọ èròjà náà di lactate ju ti eku tí ara wọn le lọ, nígbà tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ti rí èéfín! Àwọn mìíràn a gé kíndìnrín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọn a fi ìmọ́lẹ̀ líle kan ta á lójúkan-ójúkan, wọn a sì wọn ohun tó bá ta jáde, títí wọn yóò fi ya máàpù ohun tó wà níbi gbogbo nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ onímọ̀ ni ìwọ̀nyí. Kí ẹnikẹ́ni má lọ bèèrè wọn ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìkàrẹ́. Ṣùgbọ́n irú ìmọ̀ yìí wúlò, nítorí ó jẹ́ kí a mọ ìdí tí oògùn kan fi ń ṣiṣẹ́. Oògùn kan wà tí kì í jẹ́ kí kíndìnrín kó gbogbo ṣúgà padà. A jẹ́ kí ó bá ìtọ̀ lọ. Ó sọ ẹrù alábàárù kalẹ̀ díẹ̀. Ìdánwò ńlá tí wọ́n gbé jáde ní 2019 àti 2020 fi hàn pé irú oògùn yìí ń fa ìbàjẹ́ kíndìnrín sẹ́yìn. Ó wọ́n, dókítà nìkan ló sì lè sọ ẹni tó yẹ fún.

Kíndìnrín kì í sábà dunni. Baba kan lè máa gun òkè lọ sóko, kó ní “kò sí nǹkan tó ń ṣe mí,” kí asẹ́ rẹ̀ sì ti máa ya. Bí ó bá ya tán, ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ ló kù, ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ní 2025 ìjọba àpapọ̀ dín owó rẹ̀ kù láti 50,000 náírà sí 12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ kan, UCH Ìbàdàn wà lára wọn. Ẹ fi mẹ́ta lọ́nà 12,000. Ẹ fi owó ọkọ̀ láti Ọ̀kà kún un.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, kí ó gbé ìtọ̀ àárọ̀ lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún, kí wọ́n sì wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti ìfúnpá rẹ̀. Kí ó má máa lo oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac láìbi dókítà.

Ẹ gba ìwé àyẹ̀wò yín, ẹ kà á fúnra yín. Ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ, bóyá tiyín ni. Lẹ́yìn náà, ẹ wá “Protein”. Bí “Nil” bá wà níbẹ̀, ìtọ̀ kò fi hàn pé asẹ́ ń jò. Bí àmì + bá wà, ẹ bi nọ́ọ̀sì léèrè. Ṣùgbọ́n jíjò kékeré lè sá mọ́ àyẹ̀wò yìí lójú, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ ti “albumin”. Nọ́ńbà ni wọn yóò kọ fún un. Bí mg/g bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí kò bá tó 30 ló dára. Bí ó bá tó 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn yóò tún un yẹ̀ wò láàárín oṣù mélòó kan.